Tíṣà Yàrá Kejì Lọ Kọ́ Ẹ̀kọ́ Ewéko

Ẹ̀yin ará ilé, ẹ má sọ pé ẹnu mi lẹ ti gbọ́ ọ o. Wọ́n pe tíṣà yàrá kejì sí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ní iléèwé kan lójú ọ̀nà Ìdí-Ìrókò níbí, pé kó wá mọ bí wọ́n ṣe ń kọ́ ọmọ nípa ewéko àjèjì, irú èyí tó máa ń dé ìlú onílùú, tí á sì lé onílé síta. Mo ní bí ayálégbé yàrá iwájú tó ti sọ bàlùwẹ̀ di tiẹ̀ nìyẹn.

Ọ̀gá tó ń kọ́ wọn gbé àwòrán ewé kan sókè, ó léfòó, òdòdó ẹ̀ jọ àlùkò. Kíá, tíṣà àgbà kan ti dìde: “Ojú oró ní í lékè omi!” Gbogbo wọn ṣe àmín. Ọ̀gá ní kì í ṣe ojú oró, ará Brazil ni. Ní 1984 ló ti Bẹ̀nẹ̀ gba orí omi wọ Àgbádárìgì, tó sì dí ọ̀nà mọ́ ọkọ̀ apẹja. Àmín kúkú ti jáde lẹ́nu.

Wọ́n bọ́ sẹ́yìn ògiri. Ewé Akíntọ́lá ti ga ju tíṣà lọ níbẹ̀. Ọ̀gá ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà ló ti ṣẹ̀ wá, pé inú irúgbìn igi Gmelina tí wọ́n kó wá láti Sri Lanka ní 1937 ló sá pamọ́ sí. 1937 kẹ̀? Akíntọ́lá fúnra ẹ̀ ṣì ń ṣe tíṣà ní Baptist Academy l'Ékòó nígbà yẹn! Ẹlòmíì ní ewé Awólọ́wọ̀ ni wọ́n ń pè é lọ́dọ̀ tiwọn. Ló bá di ìjà òṣèlú Ọlọ́pẹ, ẹgbẹ́ Awólọ́wọ̀, àti Dẹ́mọ̀, ẹgbẹ́ Akíntọ́lá. Àwọn tí wọn ò tíì bí nígbà ìjà yẹn ní 1965 ló pariwo jù.

Níbi tí wọ́n ti wá ń wú ewé náà, àdá ṣá tíṣà wa lọ́wọ́. Ìyá olóúnjẹ iléèwé náà sáré já ewé yẹn gan-an, ó rún un mọ́ àtẹ́lẹwọ́, ó fún omi ẹ̀ sójú ọgbẹ́, ẹ̀jẹ̀ dá. Ọ̀gá dákẹ́ lọ gbári. Lójú tèmi, ibẹ̀ gan-an ni ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ti bẹ̀rẹ̀, bẹ́ẹ̀ wọn ò fún ìyá olóúnjẹ ní sátífíkéètì. Ọmọ tí wọ́n ti fi ewé yẹn tọ́jú orúnkún ẹ̀ rí, ẹ wá ń sọ fún un pé ọ̀tá ni? Ẹ sọ méjèèjì: ó ń dá ẹ̀jẹ̀ dúró, ó sì ń bo oko ẹ̀gẹ́ mọ́lẹ̀; bó bá gbẹ lọ́yẹ́, iná ò níí ṣàánú ẹ̀. Afẹ́fẹ́ ló ń gbé hóró ẹ̀ kiri, kí wọ́n yáa wú u kó tó tanná.

Òdòdó ofeefee gíga tí tíṣà gbìn sẹ́nu géètì wa ńkọ́, tó fi ń yangàn? Ọ̀gá fi àwòrán ẹ̀ hàn wọ́n: ará Mexico ni, àjèjì paraku. Láńlọ́ọ̀dù ní kó wú u lónìí. Tíṣà ní rárá o, àwọn ọmọ kíláàsì òun ló ń bọ̀ wá wú u lọ́jọ́ Ajé, ẹ̀kọ́ àfojúrí ni.