Ẹ̀kọ́ Ẹ̀rọ Ayárabíàṣá Láìfọwọ́kan Ẹ̀rọ

Àwọn kan wà láàrin wa tí ojú wọn kì í rí ohun rere ní Nàìjíríà, tí ó jẹ́ pé bí wọ́n bá ti gbọ́ pé ọmọ kan wọ yunifásítì láti lọ kọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ ayárabíàṣá, ìbéèrè àkọ́kọ́ tí yóò bọ́ lẹ́nu wọn ni pé, "Kọ̀ǹpútà mélòó ni wọ́n ní níbẹ̀?", bí ẹni pé inú ẹ̀rọ ni ìmọ̀ ń sùn. Irú wọn ni mo fẹ́ bá sọ̀rọ̀ lónìí, nítorí àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́, n kò sì lè káwọ́ gbera kí wọ́n máa bẹnu àtẹ́ lu ètò tí àwọn ọlọ́gbọ́n jókòó tò.

Ẹ jẹ́ kí a ti ẹnu ọ̀nà bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí yóò bá wọlé gbọ́dọ̀ ṣe ìdánwò JAMB nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì, ìṣirò àti físíìsì, kí ó sì mú ẹ̀kẹrin nínú kẹ́mísìrì, bàólójì, jọ́gíráfì, ètò ọrọ̀ ajé tàbí ẹ̀kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀. Nítorí náà, ọmọ tó mọ bí a ti í kọ ebè ti gbé ẹsẹ̀ kan wọ agboolé ìmọ̀ kọ̀ǹpútà, ṣùgbọ́n èyí tó ti ń kọ prógíráàmù láti kékeré, bí físíìsì bá kọ̀yìn sí i, kí ó yáa padà sílé. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Láti 2015 ni JAMB ti sọ ìwé àti pẹ́ńsù nù, tó jẹ́ pé orí kọ̀ǹpútà ni ẹni tó fẹ́ kọ́ èdè Yorùbá àti ẹni tó fẹ́ di agbẹjọ́rò ti ń dáhùn ìbéèrè. Kí ọmọ tiwa yìí fi ojú sí ẹ̀rọ náà dáadáa lọ́jọ́ yẹn, nítorí ó lè máà tún bá irú rẹ̀ pàdé nínú gbọ̀ngàn ìdánwò mọ́ títí yóò fi gba oyè.

Inú ilé náà kò sì ṣòfo. Àjọ NUC, tí ń mójú tó àwọn yunifásítì, gbé ètò ẹ̀kọ́ tuntun jáde ní 2022, nínú èyí tí akẹ́kọ̀ọ́ ti ń kọ́ nípa àwọn ènìyàn àti àṣà Nàìjíríà, tí ó tún ń kọ́ ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ èrò, tí ó sì ń kọ́ bí a ti í parí ìjà. Kò sí ẹni tí ẹ̀kọ́ ìjà píparí wúlò fún tó ọmọ tí òun àti ogún ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dìrọ̀ mọ́ kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo, tí iná ọba sì ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ.

Kí ni kí n ti wí nípa FORTRAN, àgbà ọ̀jẹ̀ nínú àwọn èdè tí a fi ń kọ prógíráàmù, ọmọ John Backus, èyí tí wọ́n bí sílé iṣẹ́ IBM ní 1957, tó ti ń ṣírò fún ayé kí Nàìjíríà tó gba òmìnira, tó sì jẹ́ pé nígbà tí ojú ayé ti là sí èdè mìíràn, ó ṣì jókòó gẹlẹtẹ lórí àga oyè nínú ọ̀pọ̀ yàrá ìkàwé wa? N kò bú u o. Àwọn tí ń ṣírò ojú ọjọ́ ṣì ń bọ ọ́ títí di òní. Ajá ìwòyí ló mọ ehoro ìwòyí lé, lóòótọ́, ṣùgbọ́n ta ni yóò máa fún ajá àná lóúnjẹ?

Èyí tó dun àwọn ẹlẹ́gàn jù ni pé bírò ni àwọn ọmọ wa fi ń kọ prógíráàmù sórí ìwé nígbà ìdánwò, tí olùkọ́ yóò sì fi ojú ara rẹ̀ ṣe kọ̀ǹpútà, tí yóò máa fi yíǹkì pupa dá àmì kọ́mà tó sọnù lẹ́bi. Wọn kò mọ ìtàn ni. Ní 1843, orí tákàdá ni Ada Lovelace kọ ìṣirò sí fún ẹ̀rọ Charles Babbage, ẹ̀rọ tí Babbage kò parí títí ọlọ́jọ́ fi dé bá a. Nígbà tí Alan Turing náà sì ń ṣàlàyé ẹ̀rọ tirẹ̀ ní 1936, kò sí irú rẹ̀ lábẹ́ ọ̀run. Àwọn òyìnbó ló ya ọ̀nà, tí wọ́n lọ ń ra ẹ̀rọ kiri. Àwa nìkan la dúró ti ìṣe àwọn baba ńlá ìmọ̀ náà, tí à ń pèsè ọmọ sílẹ̀ fún ẹ̀rọ tí kò tíì dé.

Oṣù mẹ́fà ni SIWES, ètò tí àjọ ITF dá sílẹ̀ ní 1973 kí akẹ́kọ̀ọ́ lè lọ kọ́ṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń ṣe é. Níbẹ̀ ni ọ̀pọ̀ wọn ti ń bá ẹ̀rọ pàdé lójúkorojú, èyíinì ni ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń ṣe fọ́tókọ́pì. Bí ọ̀gá bá sì rán ọmọ lọ ra àmàlà, inú lọ́ọ̀gìbúùkù ni yóò wọ̀, gẹ́gẹ́ bí ẹ̀kọ́ nípa bí a ti í gbé dátà láti ibì kan dé ibòmíràn.

NUC fi ìdá ọgbọ̀n nínú ọgọ́rùn-ún ètò náà sílẹ̀ kí yunifásítì kọ̀ọ̀kan fi ohun tó wù ú dí i, èmi náà sì ní ẹ̀bẹ̀ kan. Kí wọ́n fi kọ́ọ̀sì kan kún un, yúníìtì mẹ́ta, tipátipá, lórí bí a ti í rọ bẹntiróòlù sínú jẹnẹrétọ̀ àti bí a ti í fa okùn rẹ̀ títí yóò fi dáhùn. Orí ìwé ni kí wọ́n ti ṣe ìdánwò rẹ̀ o, kí àwọn ọmọ má baà fi epo ṣòfò.