Àdín Ìyá Fúnkẹ́ àti Òróró Íńdíà

Ìdí ìkòkò àdín ni Bàbá Fúnkẹ́, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, bá ìyàwó rẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ náà ní Òde-Ayé. Èkùrọ́ tó ti yan dúdú, tó sì ti lọ̀ kúnná, ló ń hó kutukutu. Epo rẹ̀ ti léfòó, Ìyá Fúnkẹ́ ń fi ìgbakọ bù ú sí kẹ́ẹ̀gì.

"Mò ń lọ sí Èkó," ni Tíṣà wí. "Dókítà ní kí n máa sinmi. Àwọn ará Íńdíà tó wà níbẹ̀ ní ìṣègùn ìbílẹ̀ kan tí wọ́n ń pè ní Ayurveda. Wọn á máa da òróró lílọ́wọ́ọ́wọ́ sí èèyàn níwájú orí, á máa ṣàn tẹ́ẹ́rẹ́, títí gbogbo ara á fi rọ̀. Shirodhara lorúkọ rẹ̀."

"Ṣírò dáadáa? Ẹ kọ́kọ́ ṣírò owó ọkọ̀ Èkó dáadáa ná! Òróró wo ni wọ́n ń dà?"

"Òróró yànmọ̀tí."

"Ẹ dùbúlẹ̀ síbí. Odidi kẹ́ẹ̀gì àdín kan ni n óò dà lé yín lórí, lọ́fẹ̀ẹ́."

"Obìnrin yìí! Ìtọ́jú òróró tó wà nínú ìwé Charaka, oníṣègùn Íńdíà àtijọ́, láti nǹkan bí 2,000 ọdún ni mò ń sọ, o ń sọ àdín!"

"Nígbà tí gìrì mú Fúnkẹ́, ta ló fi àdín ra á lára? Ṣé Charaka ni? Ara yín ò ṣe ní í le? Ẹ jẹ pupuru tán, ẹ tan rédíò, ẹ ń bá ìjọba jà títí di òru."

Ìyá Fúnkẹ́ jàre níbí o. Bí ọwọ́ bá ń fi òróró ra èèyàn lára jẹ́jẹ́, àyà a máa rọlẹ̀, ì báà jẹ́ yànmọ̀tí ní Kerala nílẹ̀ Íńdíà, ì báà jẹ́ àdín nílẹ̀ Ìkálẹ̀.

Tíṣà ò gbà. "Àwọn ará Íńdíà tún ní gbòǹgbò kan, sarpagandha, tí wọ́n fi ń wo wèrè àti ẹ̀jẹ̀ ríru. Inú rẹ̀ ni àwọn onímọ̀ ilé-iṣẹ́ Ciba ní Switzerland ti yọ oògùn reserpine ní 1952. Mọ̀lẹ́bí sarpagandha yìí ni asofẹ́yẹjẹ."

"Asofẹ́yẹjẹ tó wà létí oko wa?"

"Òun náà. Dókítà Raymond Prince, ará Kánádà, kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn àwọn oníṣègùn ọpọlọ Amẹ́ríkà ní 1960 pé àwọn oníṣègùn wa ń fi tọ́jú wèrè."

Kó tó mí, Ìyá Fúnkẹ́ ti gbé àdá.

"Níbo lò ń lọ?"

"Mo fẹ́ lọ wú u. Ẹ ó mu ún lálẹ́ yìí."

"O fẹ́ pa mí ni? Ṣé o ò rí oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tí dókítà ní kí n máa lò?"

Ẹ̀rù Tíṣà tọ́. Ṣe ni reserpine, tó wà nínú asofẹ́yẹjẹ náà, ń fa èròjà tí iṣan fi ń jíṣẹ́ fúnra wọn gbẹ. Bó bá pọ̀ jù, ẹ̀jẹ̀ lè lọ sílẹ̀ kọjá ààlà, ìbànújẹ́ sì lè dé bá èèyàn láìnídìí.

Ìyá Fúnkẹ́ ju àdá sílẹ̀, ó tẹ́ ẹní. Tíṣà bọ́ ẹ̀wù. Àdín ò tíì dé ẹ̀yìn rẹ̀ tó fi ń hanrun. Nígbà tó jí, owó ọkọ̀ Èkó ò sí lápò mọ́.

"Owó iṣẹ́ ni," ni ìyàwó rẹ̀ wí. "Mo ti ṣírò rẹ̀ dáadáa."

Ẹ̀yin tí ẹ ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, òróró tó bá wù yín ni kí ẹ fi para, ṣùgbọ́n ẹ jọ̀wọ́, ẹ má mu àgbo asofẹ́yẹjẹ láìjẹ́ pé dókítà yín gbọ́ sí i.