Ilé Ẹlẹ́sẹ̀ Taya àti Erékùṣù tí Taya Kò Dé

Nínú gbogbo àṣà tí ọmọ Yorùbá ń bá pàdé ní Ìlú Ọba, bóyá ni èyí tó ṣòro ṣàlàyé fún ìyá àgbà kan ní Ajégúnlẹ̀ tó ti ọkọ̀-ilé. Ọkọ̀-ilé ni orúkọ tó yẹ ohun tí àwọn òyìnbó ń pè ní campervan, ìyẹn ọkọ̀ tí wọ́n tẹ́ ibùsùn sí ẹ̀yìn rẹ̀, tí wọ́n gbé sítóòfù onígáàsì kékeré kan àti ike ìgbọ̀nsẹ̀ sínú rẹ̀, kí ẹni tó ní ilé, tó sì ń san owó ilé náà lóṣooṣù, lè fi ilé sílẹ̀ kó lọ máa sùn lẹ́bàá títì létí òkun fún ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì, kó sì máa pe èyí ní ìsinmi. Bí wọ́n bá ṣe àlàyé yìí tán fún ìyá àgbà, tí wọ́n sì fi fọ́tò tì í lẹ́yìn, ìbéèrè tí yóò bi ọmọ rẹ̀ kò ju ẹyọ kan lọ: "Ṣé wọ́n lé ẹ jáde nílé ni?" Ìbéèrè aláìmọ̀kan kọ́, nítorí pé ní etí omi Àpápá, ní ọ̀kánkán erékùṣù tí wọ́n ń pè ní Snake Island, àwọn awakọ̀ tírélà tó ti sùn nínú ọkọ̀ pọ̀ jọjọ, kò sì sí ọ̀kan nínú wọn tó pè é ní ìsinmi.

Ọkọ̀ náà fúnra rẹ̀ kì í ṣe àjèjì sí ará Èkó, ọmọ ìyá danfo ni. Ní ọdún 1950 ni ilé iṣẹ́ Volkswagen ní ilẹ̀ Jámánì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe bọ́ọ̀sì kékeré kan tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà lẹ́yìn, nígbà tó sì di 1951, ilé iṣẹ́ Westfalia ti ń ṣe àpótí àti ibùsùn tí wọ́n ń gbé sínú rẹ̀. Irú ọkọ̀ yìí kan náà ló gúnlẹ̀ sí Èkó, tí wọ́n kùn ní ọ̀dà yẹ́lò tí wọ́n sì fa ìlà dúdú sí i lára, ṣùgbọ́n ọgbọ́n tí wọ́n dá sí i lódì sí ti Jámánì: àwọn ará ọ̀hún yọ ìjókòó kúrò kí ẹni méjì lè na ẹsẹ̀, àwọn ará ibí kan bẹ́ǹṣì mọ́lẹ̀ kí ẹni mẹ́rin lè há sí ibi tó yẹ ẹni mẹ́ta, kọ́ńdọ́kítọ̀ sì so mọ́ ẹnu ọ̀nà bí aṣọ tí wọ́n sá. Lóòótọ́, àwọn kan ń sùn nínú danfo mọ́jú, ṣùgbọ́n wọn kì í ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí ẹbí.

Ìrìn àjò tí àwọn ọmọ wa ní Lọ́ńdọ̀nù máa ń gbọ́ ìròyìn rẹ̀ lẹ́nu àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ni ti North Coast 500, ọ̀nà tó yí àríwá Scotland ká létí òkun, tó bẹ̀rẹ̀ ní Inverness tó sì parí síbẹ̀, tí gígùn rẹ̀ jẹ́ máìlì 516, tí wọ́n sì sọ ní orúkọ yìí ní ọdún 2015. Ẹwà rẹ̀ kì í ṣe àsọdùn. Àgbọ̀nrín ń jẹko lẹ́bàá títì láìbìkítà fún ọdẹ, bó bá sì di oṣù kẹfà, aago mẹ́wàá alẹ́ yóò lù tí ojú ọ̀run yóò ṣì mọ́lẹ̀ bí ìrọ̀lẹ́. Ní ọ̀pọ̀ ibi, ọ̀nà náà tóóró débi pé ọkọ̀ méjì kò lè pàdé, wọ́n sì ṣe àyè kéékèèké sí ẹ̀gbẹ́ tí ẹnì kan yóò yà sí kí ẹnì kejì lè kọjá, tí àwọn méjèèjì yóò sì juwọ́ síra wọn. Ẹni tó kọ́ ọkọ̀ wíwà ní Boundary, ní Ajégúnlẹ̀, ni àṣà yìí ń dà láàmú jù, torí pé nígbà tí onítọ̀hún bá kọ́kọ́ rí i tí ẹni tó ń bọ̀ níwájú yà sẹ́gbẹ̀ẹ́, tó dúró, tó sì nawọ́ sí i, ohun tó máa ń rò ni pé taya òun ti jò.

Orí owó ni ìṣòro ibẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Owó àyálò ọkọ̀-ilé fún ọ̀sẹ̀ kan nígbà ẹ̀ẹ̀rùn lè fẹ́rẹ̀ẹ́ tó owó ọkọ̀ òfuurufú wá sí Èkó, ìdí nìyí tí ará òkèèrè tó ń ṣọ́wó ná fi máa ń yá ògbólógbòó, èyí tí ilẹ̀kùn rẹ̀ kì í tì àfi bí wọ́n bá fi èjìká gbá a. Òfin tí Scotland ṣe ní 2003, tó fún gbogbo ènìyàn láyè láti pàgọ́ sórí ilẹ̀ onílẹ̀, kò kan ẹni tó wà nínú ọkọ̀, nítorí náà owó ibùdó tún wà lọ́tọ̀. Bí òjò bá ń rọ̀, èémí ẹni méjì yóò di ìrì sára gíláàsì, yóò sì máa kán sí wọn lórí títí ilẹ̀ yóò fi mọ́. Bí òjò bá dá tí atẹ́gùn kò sì fẹ́, midge yóò dé, ìyẹn kòkòrò kan tó kéré ju ẹ̀fọn lọ fíìfíì, tí abo rẹ̀ ń mu ẹ̀jẹ̀, tó sì ń rìn ní ọ̀wọ́ bí ẹni ń lọ òde ìyàwó; kò ní ibà lára, àforítì ló ní. Ike ìgbọ̀nsẹ̀ kì í sì í da ara rẹ̀ nù. Iṣẹ́ agbépòó, ìyẹn iṣẹ́ àwọn tó ń gbé garawa ìgbẹ́ kiri Èkó lóru láyé ìjọba amúnisìn, tí àwọn òbí fi ń dẹ́rù ba ọmọ tí kò fẹ́ kàwé, ni ọmọ tó kàwé dé Ìlú Ọba ń fi owó ara rẹ̀ ṣe láàárọ̀, tó sì ń kí àwọn tí wọ́n gbé tiwọn dání pé ẹ káàárọ̀.

Ṣùgbọ́n ọbẹ̀ ni olórí ìṣòro. Nínú yàrá tí kò tóbi ju kọ́bọ́ọ̀dù lọ, tí ibùsùn rẹ̀ kò jìnnà sí iná ju apá kan lọ, ẹni tó bá dín ata pẹ̀lú irú lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ti dín ìrọ̀rí, kọ́tìnnì àti aṣọ ìbora mọ́ ọn, lọ́jọ́ tí wọ́n bá sì ń dá ọkọ̀ padà, ẹni tó ni ín yóò ṣí ilẹ̀kùn, yóò fa imú lẹ́ẹ̀mejì, yóò sì wo ìwé àdéhùn bóyá òun lè rí ibi tí wọ́n ti dárúkọ òórùn irú.

Ní ti Àpápá, níbi tí awakọ̀ ti ń sùn sínú ọkọ̀ lórí ìlà èbúté, ìtàn ìlà gígùn ti pẹ́ ju ti tírélà lọ. Ọkọ̀ ojú omi tó kó sìmẹ́ńtì ló kọ́kọ́ tò sórí omi Èkó ní 1975, tí wọ́n pọ̀ ju ohun tí èbúté lè gbà lọ, tí àwọn atukọ̀ sì ń gbé inú wọn fún oṣù mélòó kan. Ọ̀ràn yìí wà lára ohun tó mú kí wọ́n sáré kọ́ èbúté Tin Can Island, tí wọ́n ṣí ní 1977. Nígbà tó yá, ìlà náà gúnkè sórí ilẹ̀. Kó tó di pé ìjọba gbé Ètò jáde ní 2021, ìyẹn ìlànà orí íntánẹ́ẹ̀tì tó ń pe tírélà wọ èbúté nígbà tó bá kàn án, tírélà àti ọkọ̀ epo máa ń tò gbọọrọ lórí títì àti lórí afárá, awakọ̀ a sì lo ọ̀sẹ̀ mélòó kan lójú kan. Ibùsùn wà lẹ́yìn ìjókòó awakọ̀. Mọ́tò bọ́ì, ìyẹn ọmọ ẹ̀yìn ọkọ̀, so aṣọ líle mọ́ irin abẹ́ tírélà ní igun méjì, ó sì sùn sínú rẹ̀ láàárín taya. Ṣẹ́ẹ̀tì tí wọ́n fọ̀ wà lórí dígí ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀, ìrẹsì ń hó lórí sítóòfù oníkẹrosíìnì, olómi inú ọ̀rá sì ń kiri lábẹ́ wíńdò. Kò sí ohun tó wà nínú ìpolówó ọkọ̀-ilé tí kò sí níbẹ̀, títí kan afẹ́fẹ́ òkun àti aládùúgbò tuntun. Ọjọ́ tí ará òkèèrè yóò dá ọkọ̀ padà wà nínú ìwé tó fọwọ́ sí; ti awakọ̀ tírélà, èbúté ló mọ̀ ọ́n.

Ará òkèèrè tó bá ti Scotland dé, tó sì pinnu pé òun yóò fi mọ́tò rin etíkun ilé pẹ̀lú owó táṣẹ́rẹ́, yóò rí i pé títì Mile 2 sí Àgbádárìgì kì í rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkun: ọ̀sà àti àwọn erékùṣù wà láàárín àwọn méjèèjì, Snake Island sì jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Gígùn rẹ̀ tó lọ́ bí ejò ló fún un lórúkọ, kì í ṣe ejò inú rẹ̀, àlàyé tó ṣe pàtàkì fún ẹni tó mú àwọn ọmọ dání wá láti òkèèrè. Ilé iṣẹ́ tó ń tún ọkọ̀ ojú omi ṣe, Nigerdock, ti wà níbẹ̀ láti 1986, àwọn abúlé sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú, ṣùgbọ́n kò sí afárá tó dé ibẹ̀. Gbogbo ọgbọ́n ọkọ̀-ilé parí sí ẹnu jẹ́tì, níbi tí ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ẹnikẹ́ni kò rán níṣẹ́ yóò ti sọ pé, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ fọkàn balẹ̀, a ń bá yín ṣọ́ ọ."

Nínú ọkọ̀ ojú omi tó ń lọ sí erékùṣù náà, wọ́n ń pariwo pé ó ku ẹyọ kan, bẹ́ẹ̀ ìdajì ìjókòó ṣófo. Jákẹ́ẹ̀tì tí kì í jẹ́ kí ènìyàn rì ṣì tutù láti ọrùn ẹni tó wọ̀ ọ́ kẹ́yìn. Bí wọ́n bá dé àárín omi, ẹ́ńjìnnì yóò kọ́, yóò sì dákẹ́. Atukọ̀ yóò gbé e sókè, yóò fi ọ̀bẹ gé ọ̀rá dúdú tó ti wé mọ́ abẹ rẹ̀, yóò jù ú padà sínú omi fún ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn, yóò sì fà á tan. Ará òkèèrè nìkan ló ń ya fọ́tò. Àwọn yòókù ń bọ̀ láti ọjà, wọ́n gbé ẹrù lé itan, ọ̀pọ̀ wọn ti ń sùn. Ó sì ṣeé ṣe kí ìyá tó jókòó tì í, tó gbé apẹ̀rẹ̀ ẹja sáàárín ẹsẹ̀, bi í léèrè ohun tó wá ṣe ní erékùṣù wọn.

"Omi ni mo wá wò, mà."

Ìyá náà yóò wò ó láti orí dé ẹsẹ̀. "Ọmọ mi, ṣé kò sí omi ní Lọ́ńdọ̀nù ni?"