Kò Sí Nǹkan Nínú Ẹ̀

Èjìká mi ọ̀tún ṣì wú, ẹ jẹ́ kí n tètè ròyìn ohun tó fà á kó tó fọn. Olè gbé jẹnẹrétọ̀ kan ládùúgbò wa ní Mabera, ní Sókótó níbí, àwọn àgbà àdúgbò sì pè wá jọ, wọ́n ní ta ni yóò dara pọ̀ mọ́ àwọn tó ń ṣọ́de lóru. Ẹnu mi ló kọ́kọ́ yá. Mo ní ọmọ ọdẹ ni mí, láti Ìsẹ́yìn. Òótọ́ ni pé bàbá mi ṣọdẹ. Aṣọ òkè lèmi ń tà.

Ìbọn ṣakabùlà tí bàbá mi fi sílẹ̀ wà lọ́dọ̀ àbúrò rẹ̀ nílé. Mo lọ gbé e. Bàbá kékeré fi ẹní wé e fún mi, wọ́n ní, "Má mikàn, kò sí nǹkan nínú ẹ̀." Mo tẹ́ ẹ sábẹ́ àpò aṣọ nínú ọkọ̀ alálùbọ́sà tó ń padà sí Sókótó lófìfo. Ìwé àṣẹ ìbọn náà wà lórúkọ bàbá mi, bàbá mi sì ti kú. Òfin ìbọn ti ọdún 1959 ò ka ìbọn sí ogún ìdílé: kálukú ni kó gba àṣẹ tirẹ̀, wọn ò sì gbọdọ̀ fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún 17, tàbí ọ̀mùtí, tàbí ẹni tí ojú rẹ̀ ò ríran dáadáa. Bí mo bá bọ́ awò ojú mi, n kò lè mọ ewúrẹ́ yàtọ̀ sí àgùntàn. Síbẹ̀, mo gbà pé òfin náà ò bá mi wí.

Ọjọ́ Sunday, lẹ́yìn ìrun Alásárì, gbogbo wọn pé sí àgbàlá Alhaji onílé wa kí n wá fi ìbọn hàn. Oòrùn ń jó wa bí ẹni jó àkísà. Mo dúró ní àárín bí olùkọ́.

Kí ẹni tí kò mọ̀ lè mọ̀: ṣakabùlà kò ní ìdí tí à ń ṣí. Ẹnu ló fi ń jẹ, ẹnu náà ló fi ń bì. A óò da ẹ̀tù sí i lẹ́nu, a óò ki òwú bọ̀ ọ́, a óò fi ọ̀pá irin tó wà lábẹ́ ìbọn gún un mọ́lẹ̀, ọta á tẹ̀ lé e, òwú mìíràn á dé ọta. A óò wá fi fìlà bàbà kékeré kan dé ọmú ìdí rẹ̀. Bí òòlù bá gbá fìlà yìí, iná á gba ihò wọlé lọ bá ẹ̀tù. Ọ̀pá irin yẹn gan-an ni àṣírí ìbọn. Ọdẹ gidi a máa fín àmì sí i lára: bí ìbọn bá ṣófo, ọ̀pá á wọlé títí dé ojú àmì, bí nǹkan bá wà nísàlẹ̀, àmì á ta sókè lẹ́nu ìbọn. Àmì bàbá mi wà lára tèmi. Kí n tó da ohunkóhun sí i ló yẹ kí n ti ọ̀pá bọ̀ ọ́ wò. Ṣùgbọ́n wọ́n ti sọ fún mi pé kò sí nǹkan nínú ẹ̀.

Torí pé àfihàn lásán ni, mi ò fi ọta sí i, ẹ̀tù àti òwú nìkan ni. Àmì ta sókè ju bó ti yẹ lọ. Mo ní òwú ló pọ̀.

Mo fà á. Ó ní "pẹ́", ó dákẹ́. Èmi ọmọ ọdẹ bá yí ẹnu ìbọn sí ojú ara mi, mo ń yọjú wo inú ihò! Bàbá arúgbó Hausa kan ló fi ọ̀pá ìtilẹ̀ rẹ̀ gbá ìbọn sẹ́gbẹ̀ẹ́: "Haba, Malam!" Ẹ̀tù tí kò tíì dún ṣì lè máa jó lábẹ́, ńṣe ni à ń kọ ẹnu rẹ̀ síbi tí kò séèyàn, tí à ń dúró títí yóò fi hàn pé ó ti kú. Ojú tì mí. Kí n lè fi hàn pé mo mọ nǹkan tí mò ń ṣe, mo tún ti ọ̀pá irin bọ̀ ọ́ lẹ́nu, mo ń gún un.

Ibẹ̀ ni ọ̀dọ́mọkùnrin kan ti bi mí bóyá irú ìbọn yìí ni Yorùbá fi jagun láyé àtijọ́. Ẹ wo ìbéèrè! Mo fi ọ̀pá sílẹ̀ níbi tó wà, mo bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ogun Kírìjì, láti 1877 dé 1893: bí àwọn Èkìtìparapọ̀ ṣe rí ìbọn tí à ń ti ìdí rọ ọta sí, tó jẹ́ pé ìró rẹ̀ ni wọ́n fi sọ ogun náà lórúkọ. Mo ń sọ ọ́ lọ, mo ń fi fìlà tuntun dé ọmú. Ìbọn ti Kírìjì kò ní ọ̀pá tí èèyàn lè gbàgbé sí i lẹ́nu. Mi ò ronú kan ìyẹn. Mo kọjú ìbọn sókè, mo fà á.

Gbòòòlà!

Mo bá ara mi nílẹ̀, ẹsẹ̀ méjèèjì lókè. Ẹ̀tù méjì ló dún lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, tèmi àti èyí tí ó ti wà níbẹ̀ láti Ìsẹ́yìn. Nígbà tí èéfín ká, gbogbo wọn ń wo òkè. Ọ̀pá irin bàbá mi dúró gbọnrangandan lára táńkì omi Alhaji bí ọfà lára ìgalà. Ní March 1903 ni Gẹ̀ẹ́sì fi ìbọn Maxim gba Sókótó. Ìbọn tèmi gba táńkì onílítà 1000.

Omi ń ṣàn díẹ̀díẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀pá. Alhaji ní, "Yọ ọ́." Mo gun àtẹ̀gùn, mo fà á yọ. Ẹni tó bá ti fa ìdérí kúrò lẹ́nu agbè rí mọ bó ṣe rí. Omi gbá mi láyà, awò ojú mi bá omi lọ, àwọn ọmọdé gbé bútà àti garawa dé, wọ́n ń hó. Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín títí, èmi náà sì fẹ́ẹ́ rẹ́rìn-ín.

Àfi ìgbà tí mo rí ọmọbìnrin Alhaji, pẹ̀lú abọ́ lọ́wọ́, nítòsí ẹnu ẹ̀rọ tó wà lábẹ́ táńkì. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò níbẹ̀ ni. Inú bí mi, kì í ṣe sí ìbọn. Inú bí mi sí bàbá kékeré tó fi ẹ̀tù sílẹ̀ nínú ìbọn, tó wá ní kò sí nǹkan. Inú bí mi sí gbogbo àwa tí à ń sọ gbólóhùn yẹn bí ẹni ń kíni. Inú bí mi jù lọ sí èmi tí mo rí àmì tó ta sókè, tí mo pè é ní òwú.

Láti ọjọ́ náà, mai ruwa, olómi tó ń ti kẹ́ẹ̀gì kiri, ń pè mí ní "Mai harbin sanda", ẹni tó ń yin ọ̀pá. Owó omi tirẹ̀ náà sì ti lé díẹ̀ lórí tàná, ìyẹn fún èmi nìkan. Àwọn tó ń ṣọ́de fún mi ní fèrè. Alhaji gba ọ̀pá irin dání, ó ní ó dìgbà tí mo bá san owó táńkì.

Ìbọn wà nílé, mo kọ ẹnu rẹ̀ sí ògiri títí máa fi rí ìgboyà gbé e lọ fún àwọn ọlọ́pàá. Lálẹ́ àná, ìyàwó mi dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá, kò wọlé. Ó ní, "Bàbá Ìbejì, ṣé nǹkan ṣì wà nínú ẹ̀?"

Mo la ẹnu. Mo tún pa á dé.