Ọ̀nà Kan Ò Wọ Ọjà, Àfi Ọjà Ifẹ̀

Ọ̀nà kan ò wọ ọjà. Bí a bá ní ká fi òwe yìí jìn ẹnìkan, ará Ìkirè àti Àpòmù ló tọ́ sí. Láyé ijọ́un, Ìjẹ̀bú, Ọ̀yọ́, Ifẹ̀ àti Òwu ló ń pàdé lọ́jà Àpòmù, kálukú sì gba ọ̀nà ìlú rẹ̀ débẹ̀.

Ẹ wá wo bí a ṣe ń pa á lónìí. Bàbá oníkòkó kan ní Ararọ̀mí-Òwu fẹ́ kí ọmọ òun wọ yunifásítì. Èwo? "Ifẹ̀ ni. Dókítà ni yóò ṣe." Bí Ifẹ̀ ò bá gbà á ńkọ́? "Ìbàdàn. Dókítà náà ni." Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ní ọgbà ní Ìkirè níbí. Bàbá yọ ṣùtì: "Níbi tí wọ́n ti ń ta dòdò?" Ìtàn àti Yorùbá ni ọmọ náà fẹ́ràn, ẹnikẹ́ni ò sì bi í. Tó bá di ọ̀rọ̀ ibi tí ọmọ yóò lọ, ọ̀nà kan ṣoṣo ló wọ ọjà.

Àfi kí ìdánwò WAEC kù sí dẹ̀dẹ̀. Tíṣà fisíìsì tí ìjọba ní òun ń fi ránṣẹ́ kò tíì dé. Bàbá ta kòkó, ó gbé owó lọ sí míráákù sẹ́ńtà, níbi tí ìdáhùn ti ń gun pátákó fúnra rẹ̀. A ní kí ló dé? "Ẹ̀gbọ́n, ṣebí ẹ mọ̀ pé ọ̀nà kan ò wọ ọjà!" Mo mọ̀. Ṣùgbọ́n àwọn tó pa òwe náà, ẹsẹ̀ ara wọn ni wọ́n fi rìn dé Àpòmù, tẹrù-tẹrù. N ò tíì gbọ́ ọ̀nà ọjà tí a ń háyà ẹlòmíì láti bá wa rìn.

Èsì WAEC jáde, A ló kún inú rẹ̀ fọ́fọ́. Ó wá ku JAMB, ìdánwò àtiwọ yunifásítì: ìbéèrè 180, wákàtí 2, máàkì 400, Ifẹ̀ ò sì ní wo ẹni tí kò bá ní 200. Nínú èsì tó lé ní 1,950,000 tí JAMB kọ́kọ́ gbé jáde ní 2025, ó lé ní 1,500,000 tí kò dé 200. Kì í ṣe gbogbo wọn ló ra A. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni a ò kọ́ dáadáa.

Ọmọ tiwa jókòó síwájú kọ̀ǹpútà láti ṣe JAMB. Ó mọ ihò òkété, ó mọ ti ẹmọ́, ṣùgbọ́n eku kọ̀ǹpútà yìí ń sá mọ́ ọn lọ́wọ́. Bẹ́ẹ̀, JAMB ò ní dandan kó fọwọ́ kan eku. Lẹ́tà 8 péré ló tó ṣe gbogbo ìdánwò náà: A, B, C, D láti mú ìdáhùn, N láti lọ síwájú, P láti padà sẹ́yìn, S láti parí iṣẹ́, àti R láti fagi lé S. Ẹni tó bá ní kọ̀ǹpútà kan lábúlé lè fi wọ́n kọ́ ọmọ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, láìta kòkó kankan.