Ìjàpá àti Odò Tí Ń Wẹ Gbèsè

Àlọ́ o!
Àlọ̀!

Àlọ́ mi dá fìrìgbagbòó, ó dá lórí Ìjàpá Tìrókò, ọkọ Yánníbo.

Ní ìgbà láéláé, ìyẹn lẹ́yìn ọdún 2005, Ìjàpá àti Yánníbo ré kọjá òkun, wọ́n lọ tẹ̀dó sí ìlú àwọn ẹranko kan. Ẹ má bi mí pé ìlú wo. Ìlú tí wọ́n ti ń fi ewé rajà ni. Ìkookò ló ń pín ewé náà. O na ewé, o gbé ẹrù, ó di ìparí oṣù kí Ìkookò tó kan ilẹ̀kùn. Ìjàpá rí ewé kan, ó gbà á. Ó rí ìkejì, ó gbà á. Ó rí ìkẹta, kò tilẹ̀ bi wọ́n ní iye èlé. Kò pẹ́, ó wọko gbèsè.

Odò kan wà ní ìlú náà. Ẹni tí gbèsè bá mu dé ọrùn lè wẹ̀ ńbẹ̀, kí gbèsè bá omi lọ. Kì í ṣe gbogbo gbèsè o! Owó oúnjẹ ọmọ tí ilé ẹjọ́ ní kí o máa san, odò kì í gbé e. Ẹnu ọ̀nà keje ni wọ́n ń gbà débẹ̀. Tẹ́lẹ̀, ojú ọ̀nà ibẹ̀ gbòòrò. Àwọn Ìkookò bá sunkún lọ bá àwọn aṣòfin pé àwọn ọ̀lẹ ti sọ odò di balùwẹ̀. Ní 2005, wọ́n gbé ìwọ̀n sí ẹnu ọ̀nà.

Ìwọ̀n yìí kì í wo ojú. Owó tó wọlé ní oṣù 6 tó ṣáájú ló ń wọ̀n. Owó ilé ni mo wí, n kò wí pé owó àpò. Bí tọkọtaya bá jọ ń gbé, tí ọkọ nìkan fẹ́ wẹ̀, owó aya á gun ìwọ̀n pẹ̀lú. Wọ́n á wá wo ìdílé tí iye orí rẹ̀ bá tiyín dọ́gba ní ìpínlẹ̀ yín, èyí tó bọ́ sí àárín olówó àti tálákà gan-an. Bí owó ilé yín bá ju tirẹ̀ lọ, ìwádìí bẹ̀rẹ̀.

Ọ̀kẹ́rẹ́, tó ń ṣe lọ́yà, sọ fún Ìjàpá pé: "Ìjàpá, tètè lọ. Ìyàwó rẹ ṣì ń kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Ìwọ̀n kò níí gbé yín."

Ìjàpá ní òun gbọ́. Ó ku ewé kan tí òun kò tíì ná ni. Ó fi ewé náà ṣe ọjọ́ ìbí. Ó dá aṣọ ẹbí, ó pe onílù.

Yánníbo yege. Ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Owó rẹ̀ pọ̀ sí i. Ó gba iṣẹ́ òru kún un, owó tún pọ̀ sí i. Ta ló kúkú ń yọ̀? Ìjàpá ni. Ó ń rìn káàkiri ìlú, ó ń kọrin:

Ìyàwó mi ń gbowó ńlá,
*Kẹ̀rẹ̀-ǹ-kẹ́.*
Owó aya, owó ọkọ ni,
*Kẹ̀rẹ̀-ǹ-kẹ́.*
Ilé kan, ìkòkò kan ni wá,
*Kẹ̀rẹ̀-ǹ-kẹ́.*
Ìkookò, fún mi léwé sí i,
*Kẹ̀rẹ̀-ǹ-kẹ́.*

Ìkookò gbọ́ orin, ó fún un léwé sí i.

Nígbà tí gbèsè fẹ́ pa á, Ìjàpá rántí odò. Ó rántí ìwọ̀n. Ó tún gbọ́ pé bí tọkọtaya bá ti pínyà, tí oníkálukú ń dá gbé, owó aya kì í gun ìwọ̀n. Ìdajì òfin ló gbọ́. Ìdajì kejì ni pé ìpínyà náà kò gbọdọ̀ jẹ́ torí àtisá fún ìwọ̀n. Ó gbé ẹní àti ìrọ̀rí lọ síbi tí wọ́n ń gbé ọkọ̀ sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé, ó ní ilé òun nìyẹn. Bí ilẹ̀ bá ṣú, ó ń yọ́ wọlé lọ jẹ àsáró Yánníbo.

Òwìwí ló ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà. Ẹyẹ tí ń ríran lóru! Ó ní kí Ìjàpá búra. Ìjàpá búra.

"Ta lẹ jọ ń gbé?"

"Kò sí o, Bàbá Òwìwí. Èmi nìkan ni."

Òfin gba onígbèsè àti olówó láyè láti jọ jókòó níbẹ̀. Ìkookò ti wà lẹ́yìn. Kò bá ẹnikẹ́ni jà. Ó kàn dá orin: "Ìyàwó mi ń gbowó ńlá..."

Gbogbo ẹranko gbè é: "Kẹ̀rẹ̀-ǹ-kẹ́!"

Ẹsẹ̀ Ìjàpá bẹ̀rẹ̀ sí í jó. Kó tó mọ̀, ẹnu rẹ̀ ti gba orin: "Owó aya, owó ọkọ ni! Ilé kan, ìkòkò kan ni wá!"

Wọ́n ránṣẹ́ pe Yánníbo. Ó kó ìwé dání. Ó ní: "Ẹ jọ̀ọ́, gbogbo owó mi kọ́ ló ń wọ ilé yìí. Mò ń san gbèsè ilé ìwé tèmi. Mò ń fowó ránṣẹ́ sí ìyá mi."

Òwìwí wo ìwé náà títí. Ó mí kanlẹ̀. "Ìyáàfin, owó aya tí kò bá wọ ìkòkò ilé, òfin ń yọ ọ́ kúrò lórí ìwọ̀n. Bóyá ọkọ yín ì bá kọjá. Ṣùgbọ́n ẹni tó kọ ọ́ sílẹ̀ pé òun kò bá aya gbé, ibo ni yóò kọ ìnáwó aya sí?"

Wọ́n gbé e dé iwájú Kìnnìún, adájọ́. Kìnnìún ní: "Irọ́ lábẹ́ ìbúra, ẹ̀wọ̀n rẹ̀ lè tó ọdún 5. Mo fojú fo ìyẹn lónìí. Méjì ló kù. Gbé gbèsè rẹ padà sílé, kí ìwọ àti Ìkookò parí rẹ̀. Tàbí kí o gba ẹnu ọ̀nà kẹtàlá, kí o máa san díẹ̀díẹ̀ lóṣooṣù."

Ìjàpá wẹ̀yìn, ó rí eyín Ìkookò. Ó gba ẹnu ọ̀nà kẹtàlá.

Ẹni tí owó ilé rẹ̀ bá kéré, ọdún 3 ló lè fi san tirẹ̀ níbẹ̀. Ti Ìjàpá jẹ́ 5, nítorí owó tó fi kọrin.