N Kò Mutí O

Ẹ̀yin ará Parakou, ẹ̀yin ará ọjà Arzèkè, àti gbogbo ẹni tó ti rí mi rí tí mo fẹ̀gbẹ́ ti ògiri lọ́sàn-án gangan: n kò mutí. N kò mu ún lánàá, n kò mu ún lónìí, n kò sì tọ́ ọ wò rí. Mùsùlùmí ni mí, ọmọ Mùsùlùmí. Ṣùkùtù, ọtí tí wọ́n ń fi ọkà bàbà pọn, òórùn rẹ̀ nìkan ni mo mọ̀.

Òòyì ló ń kọ́ mi. Kì í ṣe òòyì ebi, tí èèyàn á jẹ̀kọ tán tí á sì lọ. Aṣọ ni mò ń tà. Mo lè dúró jẹ́ẹ́ láàárín ìsọ̀ mi, kí ìsọ̀ náà gbéra, kó bẹ̀rẹ̀ sí í yí, kí àǹkárá máa lé léèsì, kí ẹyẹ tí wọ́n yà sára aṣọ máa fò. Àwọn èèyàn ń pè mí ní Àlàájì nítorí pé mo ní ìsọ̀, bẹ́ẹ̀ n kò tíì dé Mẹ́kà. Kí n tó gba físà, ilé ti ń yí mi po.

Sclérose en plaques ni àwọn dókítà ń pe àìsàn tó wà nídìí rẹ̀. Kí wọ́n tó rí i, ìyá ìyàwó mi ti ní palú ni, ìyẹn ibà, ẹ̀gbọ́n mi sì ti tẹ̀ mí láago láti Ṣakí pé ayé ni. Mo lo oògùn palú, mo ṣe sàráà nítorí ayé, òòyì kò kúrò. Ó di Kútọnu, ìrìn tó ju 400 kìlómítà lọ. Wọ́n tì mí bọ inú ẹ̀rọ kan tó ń ya fọ́tò inú ọpọlọ. Ariwo rẹ̀ kò jẹ́ kí n ṣe àdúà dé ìdajì. Wọ́n tún fi abẹ́rẹ́ fa omi lẹ́yìn mi.

Àlàyé tí wọ́n ṣe fún mi nìyí. Nínú ara èèyàn ni àwọn ẹ̀ṣọ́ wà tí iṣẹ́ wọn jẹ́ láti bá kòkòrò àrùn jà. Tèmi fi kòkòrò sílẹ̀, wọ́n kọjú sí ọpọlọ àti ọ̀pá ẹ̀yìn, wọ́n ń bó ọ̀rá fẹ́lẹ́ tó bo àwọn iṣan tó ń jíṣẹ́ kiri ara. Ibi tí ó bá ti bó ni wàhálà ti ń jáde. Ti ẹlòmíràn á wà lójú, tí kò ní ríran dáadáa, ti ẹlòmíràn á wà lẹ́sẹ̀. Tèmi bó síbi tí ojú, etí àti ẹsẹ̀ ti ń jábọ̀ fún ọpọlọ. Láti ìgbà náà, ọ̀rọ̀ wọn kò bára mu mọ́. Ojú ní a dúró, etí ní à ń yí, ẹsẹ̀ ní òun ò sí ńbẹ̀.

Kí ló tiẹ̀ gbé e dé ọ̀dọ̀ mi? Charcot, dókítà ará Faransé, ló ṣàpèjúwe àìsàn yìí yékéyéké ní 1868, ní ilé ìwòsàn Salpêtrière ní Paris. Láti ìgbà náà, ilẹ̀ olótùútù ni wọ́n ti ń rí i jù, níhà àríwá Yúróòpù àti ní Kánádà. Ìṣirò tí wọ́n ṣe ní 2020 fi yé wa pé àwọn tó ní in lágbàáyé tó mílíọ̀nù 2.8, àwọn obìnrin inú wọn sì tó ìlọ́po méjì ọkùnrin. Èmi rèé, ọkùnrin, adúláwọ̀, ọmọ ibi tí oòrùn kì í ti í gba ìsinmi. Dókítà ní ó ṣeé ṣe kó pọ̀ ní ilẹ̀ wa ju bí a ṣe rò lọ, pé ẹ̀rọ tó ń rí i àti oníṣègùn ọpọlọ ló wọ́n. Ó rò pé ìyẹn á tù mí nínú.

Èyí tó burú jù ni pé àìsàn náà kórìíra ooru. Láti 1890 ni Uhthoff, oníṣègùn ojú ará Jámánì, ti kíyè sí i pé bí àwọn tó ní in bá ṣe wàhálà, ojú wọn á ṣú, tí wọ́n bá sinmi, á tún là. Ooru ara ló ń fà á: bí ara bá gbóná díẹ̀, iṣan tí ọ̀rá rẹ̀ ti bó kò ní lè jíṣẹ́ délé. Ẹ wá gbọ́ ná. Àìsàn tí kò fẹ́ ooru fi gbogbo òtútù Kánádà sílẹ̀, ó wá gba yàrá ní Parakou! Ní oṣù Ẹrẹ́nà àti Igbe, tí ooru bá ń sún mọ́ 40, tí páànù ìsọ̀ ń ta pépé, n kì í mọ èyí tó jẹ́ ilẹ̀ nínú ilẹ̀ àti òkè. Dókítà ní kí n ra ẹ̀rọ amúlétutù. Mo bi í bóyá ó máa ń ṣiṣẹ́ tí iná bá lọ. Kò dáhùn, ó ń kọ oògùn lọ. Omi dídì inú ọ̀rá ni mò ń gbé lé ọrùn. Àwọn tó ń kọjá á dúró, wọ́n á ní kí n ta ọ̀kan fún àwọn.

Oníbàárà gan-an ló ń pa mí lára jù. Àǹkárá tó wà níwọ̀n àyà mi, wọn kì í rí i. Ìyá kan á wọlé, á kí mi, á kí ọmọ àti ìyàwó, á jókòó, á wá nàka sókè àjà: “Àlàájì, aláwọ̀ osùn yẹn, èyí tó wà lókè pátápátá.” Ká gbójú sókè sì ni èèwọ̀ mi. Bí mo bá ti gbé àgbọ̀n sókè báyìí, ó ti dé. Màá di pẹpẹ mú, màá dijú, màá máa fọwọ́ táràrà, màá wá fa aláwọ̀ ewé yọ. “Kì í ṣe ìyẹn, Àlàájì.” Màá tún padà sókè. Nígbà tí màá fi rí i fà yọ, ilẹ̀ á ti máa gòkè bọ̀ wá bá mi. Ìyá náà á fọwọ́ pa aṣọ náà, á ní ó ti pọ́n jù, pé òun kàn fẹ́ mọ iye rẹ̀ ni.

Mo gbé ẹjọ́ yìí tọ dókítà lọ, mo rò pé a ti mú ọ̀daràn. Ó ní ó lè má jẹ́ sclérose rárá. Ó ní òkúta wẹ́wẹ́ kan wà nínú etí gbogbo èèyàn, tó lè já kúrò láyè rẹ̀, tí òòyì á sì máa kọ́ni béèyàn bá gbójú sókè tàbí tó bá yíra padà lórí ibùsùn. Ó dá mi dùbúlẹ̀ lójijì, ó yí orí mi sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ń wo bí ẹyinjú mi ṣe ń jó. Lẹ́yìn náà ló rọra yí orí náà sí òdìkejì, ó yí gbogbo ara mi tẹ̀lé e, ó wá gbé mi jókòó. Ọ̀nà tí Epley, dókítà ará Amẹ́ríkà, kọ̀wé lé lórí ní 1992 nìyẹn. Ti orí pẹpẹ dínkù lóòótọ́. Èyí tó kù, ti ọpọlọ ni. Òòyì kan ṣoṣo, bàbá méjì, kò sì sí èyí tó fẹ́ san owó ilé ìwé nínú wọn.

Ní mọ́ṣáláṣí, bí mo bá forí kanlẹ̀, ká tó gbé e padà á di iṣẹ́. Àáfà ní kí n máa kírun lórí àga, ẹ̀sìn fàyè gba aláìsàn. Mo gbà. Láti ìgbà náà ni àwọn ọmọdé ti ń kí mi ní “Ẹ kú ọjọ́ ogbó.”

Ìyá oníṣùkùtù tó wà lọ́nà ilé mi ló wá bà mí lọ́kàn jẹ́ tán. Ó máa ń rí mi nírọ̀lẹ́ bí mo ṣe ń fì síwá fì sẹ́yìn. Lọ́jọ́ kan ó fi èdè Dẹ́ndì dá mi dúró, ó káwọ́ gbera: “Àlàájì, kí ni mo fi ṣẹ̀ yín? Ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn lẹ ti ń mu yó, iwájú mi lẹ ń gbà kọjá, ẹ ò ra igbá kan lọ́wọ́ mi rí!” Mo ní n kò mutí, àìsàn ni. Ó wò mí títí, ó wá rẹ ohùn sílẹ̀: “Èmi ò ní sọ fún Àáfà.”

Nítorí náà, mo bẹ̀ yín. Bí ẹ bá rí mi tí mo ń ta gbọ̀ngbọ́n, ẹ má bi mí níbi tí mo ti mu. Ẹ na apá sí mi kí n dì í mú, kí ẹ sì dúró díẹ̀. Ẹ̀yin onízémidjan, ẹ̀yin ọlọ́kadà, bí mo bá gbá yín nídìí mú ṣinṣin, ẹ má bínú, ẹ má sì sáré. Ẹni tí òòyì bá ń kọ́ léraléra, tí ojú rẹ̀ ń ṣú tàbí tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń kú, kó lọ rí oníṣègùn ọpọlọ kó tó tún ra oògùn palú mìíràn. Ẹ̀yin oníbàárà mi, àǹkárá tó wà níwọ̀n àyà dára púpọ̀, owó rẹ̀ kò sì wọ́n. Ẹ wo ìyẹn ná.